Bí Mo Ṣe Wọ Igbó Àìwọ̀tán Nítorí Pílánẹ́ẹ̀tì Kẹsàn-án

Ẹ̀yin tí òjò lé wọ abẹ́ òrùlé mi lọ́sàn-án yìí, ẹ na ẹsẹ̀ yín dáadáa, kí ẹni tó bá ní obì lápò máa pín in, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Orúkọ mi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ìpóró-Òkè. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ nípa mi lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé wọn kò sọ ọ́ tó. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí n kò sì fi ọta kẹrin ṣòfò. Èmi ni mo mọ ipa ẹsẹ̀ ẹtu tó ti bímọ yàtọ̀ sí ti èyí tí kò tíì bímọ, bí òjò tilẹ̀ ti rọ̀ lé e lórí. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣọdẹ, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè kan nípa igbó tí n kò fún un lésì. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mo dáhùn. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, mo tún dáhùn. Báyìí ni mo ṣe ń bá ayé mi lọ títí di ọdún tí mo lọ wá ohun kan tí ojú ẹnikẹ́ni kò tíì rí, tí mo sì bọ̀ pẹ̀lú ohun tí n kò lọ wá rárá.

Ilé ìwé ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwé kíkà. Obìnrin kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa tó ń jẹ́ Moróhunfólá, Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ láàárọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò tún ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì náà fún àwa àgbàlagbà, kò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin ìbá rí wa lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, tí orúnkún wa ga dé àgbọ̀n, tí a di ṣọ́ọ̀kì mú bí ẹni di ọrùn ejò mú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ orúkọ mi láìwo ti ẹnikẹ́ni, mo kọ ọ́ sára ògiri ilé mi, mo kọ ọ́ sí ìdí ìbọn mi, mo sì kọ ọ́ sára ewúrẹ́ funfun kan tí í ṣe ti àbúrò mi. Oṣù kan gbáko ni kò fi kí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ lè mọ ohun tí obìnrin náà jẹ́ fún mi: ẹni tó la ojú mi lẹ́yìn tí mo ti rò pé kò sí ojú tó tún kù fún mi láti là.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin Olóyè Ògúnlúsì bi Tíṣà ní kíláàsì pé àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí oòrùn po, ṣé mẹ́jọ náà ni gbogbo wọn. Tíṣà ní mẹ́jọ ni a ti rí, ayé tí à ń gbé yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ní ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìkẹsàn-án wà ní ọ̀nà jíjìn réré, tó tóbi ju ayé yìí lọ dáadáa, tí yóò sì máa gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó tó yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ náà ní, “Tíṣà, ṣé ó wà ni àbí kò sí?” Tíṣà ní, “N kò mọ̀. Kò sí ẹni tó tíì mọ̀.” Ọmọ náà délé, ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ.

Olóyè Ògúnlúsì ni alága àwọn òbí. Ó ga, ohùn rẹ̀ tóbi, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó má tún un sọ. Ó gba ààfin Olúpóró lọ, ó ní, “Kábíyèsí, tíṣà tó bá dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ tó ní òun kò mọ̀, kí ló wá ń kọ́ wọn? Kí ló wá ń kọ́ wọn?” Kábíyèsí wa kò fẹ́ràn ariwo. Ó ní kí Tíṣà wá sí ààfin ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kó wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níwájú ìlú, yálà ó wà tàbí kò sí. Bí kò bá lè sọ ọ́, wọn yóò kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ kí wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn, kí wọ́n sì fún wa ní ẹni tó mọ̀.

Mo lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní, “Tíṣà, ẹ sáà sọ pé ó wà, kí ọ̀rọ̀ tán.”

Ó ní, “Bàbá Ọdẹ́rìndé, bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni mo pa.”

Mo ní, “Ẹ sọ pé kò sí nígbà náà.”

Ó ní, “Ìyẹn náà lè jẹ́ irọ́.” Ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ṣàlàyé. Ó ní pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà jù nínú mẹ́jọ tí a mọ̀, ìṣirò ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ibi tó wà, nítorí pé ó ń fa aládùúgbò rẹ̀ kúrò lọ́nà. Nígbà tí wọ́n wo ibẹ̀, wọ́n bá a. Inú mi dùn. Ó ní ṣùgbọ́n wọ́n tún fi irú ìṣirò yẹn sọ pé òmíràn wà lẹ́bàá oòrùn gan-an, wọ́n wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ohun tó jọ ọ́. Inú mi bà jẹ́. Ó ní ní báyìí, àwọn nǹkan kéékèèké kan tó jẹ́ yìnyín wà lẹ́yìn pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà jù, ọ̀nà àwọn kan nínú wọn sì tẹ̀ sí apá kan bí ìgbà tí ohun ńlá kan ń fà wọ́n. Àwọn kan ní pílánẹ́ẹ̀tì kẹsàn-án ló ń fà wọ́n. Àwọn mìíràn ní rárá, ibi tí a wò lójú ọ̀run kò tíì tó ni.

Bí mo ṣe gbọ́ èyí, ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ. Mo ní, “Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Nínú Igbó Àìwọ̀tán, wọ́n ní arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìyá Olóǹkà, tó ń ka gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá lọ́kọ̀ọ̀kan. N óò lọ gba èsì wá lẹ́nu rẹ̀.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “N kò gbà pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a, ẹ má kàn bi í pé kí ló mọ̀. Ẹ bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n.” Ó já bébà mẹ́rin fún mi láti inú ìwé rẹ̀, ó fi bírò kan lé e.

N kò ní sọ fún yín bí mo ṣe di ẹrù tàbí ohun tí mo jẹ lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń yan gbàgùdá fún ìrìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, kó lọ bi ìyàwó mi, òun ló ṣe é, òun ló sì ń sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò di òní. Ọjọ́ kẹta ni mo dé ibi tí igi ti fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sán gangan fi ṣókùnkùn. Iná kan ń tàn níwájú. Nígbà tí mo súnmọ́ ọn, mo rí i pé ọkùnrin kan ni, ó ga tó ilé alájà kan, ó fi okùn so fìtílà mọ́ iwájú orí, ó sì jókòó sáàárín ojú ọ̀nà. Ibi tí iná rẹ̀ dé fẹ̀ tó ẹní méjì. Fìlà, bàtà àti ìbọn àwọn ènìyàn wà káàkiri ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ni wọ́n kò sí níbẹ̀.

Mo ní, “Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Ta ni mo bá níbí?”

Ó ní, “Èmi ni Ohun-Tí-N-Kò-Rí-Kò-Sí. Dúró sínú iná mi kí o lè máa wà.”

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Mo wolẹ̀, mo rí i pé ẹsẹ̀ òsì mi wà lẹ́yìn iná. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ yìí: láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ mọ́. N kò mọ ìrora kankan, ẹ̀jẹ̀ kò dà. Ẹsẹ̀ kàn ti lọ ni. Mo fò sínú iná, ẹsẹ̀ náà padà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọmọ ìka ló padà wá kẹ́yìn. Ìgbà náà ni mo wá mọ ibi tí àwọn tó ni fìlà yẹn lọ. Mo ní, “Bàbá, mo fẹ́ kọjá ni.”

Ó ní, “Kọjá lọ síbo? Ẹ̀yìn iná yìí, kò sí nǹkankan. Fi ohun kan hàn mí tó wà tí n kò sì rí, èmi yóò jẹ́ kí o lọ.”

Ẹ wo ìdààmú yìí. Ohunkóhun tí mo bá gbé wá síwájú rẹ̀, ó ti rí i nìyẹn. Ohun tó bá sì wà lẹ́yìn, ó ní kò sí. Mo fi obì hàn án, ó ní òun rí i. Mo pa obì mọ́ sínú ọwọ́, ó ní kò sí obì mọ́, mo la ọwọ́, obì sì ti lọ lóòótọ́. Obì méjì ni mo pàdánù bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń ronú, mo gbọ́ ohùn omi kan ní ẹ̀yìn rẹ̀, díẹ̀ báyìí. Mo mú òkúta kan nílẹ̀, mo jù ú kọjá lórí rẹ̀, ó bọ́ sínú omi, ó ró pò. Omi ta sí i lẹ́yìn ọrùn.

Ó ní, “Kí nìyẹn?”

Mo ní, “Kò sí nǹkankan. Ṣebí ẹ kò rí i.”

Ó ní, “Ṣùgbọ́n ó ró.”

Mo ní, “Báwo ni ohun tí kò sí ṣe máa ró, Bàbá?” Mo tún ju òkúta kejì. Omi tún ta sí i. Ó fi ọwọ́ nu ọrùn, ó wo ọwọ́ náà lábẹ́ fìtílà, ọwọ́ tutù. Mo rí i lójú rẹ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí iyèméjì wọ inú rẹ̀. Ó dìde, ó yípadà pẹ̀lú fìtílà rẹ̀, òkùnkùn sì bò mí látòkèdélẹ̀. Mo fọwọ́ kan ara mi kíákíá: imú wà, etí wà, ẹsẹ̀ méjèèjì wà. Nígbà tí ẹni tó ni iná kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́, agbára iná ti tán. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá kọjá. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti wọ inú omi dé ìbàdí, ó ń bi ọ̀pọ̀lọ́ kan pé láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, otútù dédé mú mi lójú ọ̀nà, irú èyí tí ọyẹ́ kò lè mú wá. Mo wolẹ̀, mo rí ipa ẹsẹ̀. Ojú mi kì í tàsé ipa ẹsẹ̀, mo ti sọ fún yín. Ẹni méje ló kọjá, wọ́n kéré, otútù sì ti mú kí koríko tí wọ́n tẹ̀ gan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹsẹ̀ ẹni mẹ́fà nínú wọn ló yẹ̀ sí òsì, bí ti ẹni tí wọ́n ń fà láṣọ láti ẹ̀gbẹ́. Mo wo òsì náà títí, igi nìkan ni mo rí. Mo yára, mo sì bá wọn. Wọn kò ga ju orúnkún mi lọ, ara wọn jẹ́ yìnyín àti eruku, mẹ́fà tẹ̀ sí òsì, ìkeje dúró ṣánṣán. Mo kí wọn, mo sì ti jẹ gbàgùdá sísun kan tán kí ìkíni wọn tó padà dé etí mi, nítorí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ìkánjú nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Èyí tó ṣáájú ní, “A ti ẹ̀yìn ibi tí oòrùn ti kéré bí ìràwọ̀ wá. Ìyá Olóǹkà ló ní ká wá kí òun kà wá.”

Mo ní, “Ta ló ń fà yín sí òsì?”

Ó ní, “A kò rí i rí. Ọ̀nà wa gún nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. A dé ibì kan, ara wa yẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ẹni ńlá kan ń gbé lápá ibẹ̀.”

Mo ti ń fa bírò yọ láti kọ ‘ó wà’ nígbà tí ìkeje, èyí tó dúró ṣánṣán, la ẹnu. Ó ní, “Ọdẹ, rọra. Ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni ẹ̀yin ọdẹ máa ń gbà, àwọn tó bá gba ibí nìkan lẹ sì máa ń rí. A pọ̀ láwọn ọ̀nà mìíràn. Ta ló ti ka àwọn tó tẹ̀ sí ọ̀tún?”

Èyí tó ṣáájú ní, “Ìwọ kò tíì dé ibi tó ti ń fani ni.”

Ìkeje ní, “Ẹ̀yin ni ẹ kò tíì dé ibi tí n ti wá.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bá ara wọn jiyàn, iyàn tútù, ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn tó ìgbà tí ènìyàn yóò fi wẹ̀. Inú bí mi. Mo ti rìn tó báyìí nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, méjì ni wọ́n sì ń fún mi. Ṣùgbọ́n mo rántí ojú Tíṣà, mo jókòó, mo sì kọ ohun tí mo rí pẹ̀lú ọwọ́ ara mi: mẹ́fà sí òsì, ọ̀kan ṣánṣán, àwọn yòókù a kò tíì kà. Ìlà mẹ́ta, ó gbà mí ní ìdajì ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ̀lé wọn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Olóǹkà.

Abẹ́ ìrókò kan ló jókòó sí, lórí gbòǹgbò. Arúgbó ni, ara rẹ̀ mọ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì pọ̀ bí imọ̀ ọ̀pẹ, ìka kọ̀ọ̀kan fún ohun kan tó ti kà. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, “Dìde. Mo mọ ohun tó gbé ọ wá. Àwọn tó ń yí oòrùn po.” Ó ka ìka mẹ́jọ síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ó fi ìka kẹsàn-án sílẹ̀ ní kíká. Ó ní, “Ohun tó wà lábẹ́ ìka yìí ni ìwọ ń wá. N óò ṣí i fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ayé. Bó bá fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ni yóò máa jáde lẹ́nu rẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ rò ó wò. Èmi Ọdẹ́rìndé, kí n rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, kí n má sì lè sọ ọ́? Ìyà wo ló ju ìyẹn lọ? Mo ní, “Mo dúpẹ́, Ìyá. N kò fẹ́ rí i lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ ohun tó wà níbẹ̀?”

Kò dáhùn ìbéèrè náà. Ó ní, “Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi kì í lọ láìṣiṣẹ́. Bá mi ka kóró àgbálùmọ̀ yìí kí n ráyè mu ẹ̀kọ mi.” Ó tọ́ka sí òkìtì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kékeré nìyẹn. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Nígbà tí mo dé ọgọ́rùn-ún, mo fẹ́ dìde na ẹ̀yìn mi, ara mi kò dìde. Mo fẹ́ dákẹ́, ẹnu mi kò dákẹ́. Mo kọjá igba, mo kọjá irinwó, mo kọjá ẹgbẹ̀rún, òkìtì náà kò sì dínkù.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ìrókò, tí òun náà ń kà. Mo yí ojú sí i. Arúgbó ọkùnrin kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti wọnú gbòǹgbò igi, àlàfo eyín iwájú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí mo mọ̀ dáadáa. Ògúnlúsì àgbà ni, bàbá Olóyè Ògúnlúsì, ọdẹ tó wọgbó ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn tí a sì ti ṣe òkú rẹ̀. Mo tẹ́tí sí ohun tó ń kà. Ó ń sọ pé, “Ọ̀kẹ́ kan lé ní ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀kẹ́ kan dín ní etí ajá. Ọ̀kẹ́ kan àti ọjọ́ Ajé.” Iye tí kò sí níbikíbi. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ó dé ibi tí ó ti tán nínú òǹkà rẹ̀, ìtìjú kò sì jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ó dá òmíràn sílẹ̀, ó ń bá a lọ.

Èmi náà ń súnmọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún méjì ló dé bá mi: mo mú kóró kan, n kò sì mọ iye tó kàn. Ahọ́n mi ti ń wá irọ́ kan tó dùn láti fi dí i. Mo rò pé kí n sọ pé ‘ẹgbàá lé ní ìrù ọ̀kẹ́rẹ́’. Ó kù díẹ̀ kó jáde. Ẹ̀yin ará, mo ti dojú kọ ẹfọ̀n tó gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré tí mo sọ tẹ̀lé e yẹn gba agbára lọ́wọ́ mi jù ú lọ. Mo ní, “Ìyá, n kò mọ èyí tó kàn.”

Kóró bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi tú. Mo dìde, mo rìn lọ bá bàbá yẹn.

Mo ní, “Bàbá, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀.”

Ó fi ìbínú wò mí, ó ń kà láàárín rẹ̀. “Èmi? Ọ̀kẹ́ kan àti ata. Ọdẹ bíi tèmi? Ọ̀kẹ́ kan àti ata méjì.”

Mo ní, “Bàbá, ọmọ yín ti di olóyè. Ó ti bí ọmọbìnrin kan tí ẹ kò tíì rí, orí rẹ̀ pé gan-an, ìbéèrè ló ń bi tíṣà rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣé ẹ mọ orúkọ rẹ̀?”

Ẹnu rẹ̀ dúró. Omi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, “N kò mọ̀ ọ́n.” Irùngbọ̀n rẹ̀ sì já kúrò lára gbòǹgbò.

Ìyá Olóǹkà kò bínú. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó fún wa ní ẹ̀kọ tó kù. Nígbà tí a mu ún tán, ó fà mí mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí. Ó ní, “O bi mí bí mo ṣe mọ̀, n kò sì dá ọ lóhùn. Èmi náà kò tíì kà débẹ̀, ọmọ mi. Ìka kẹsàn-án, n kò tíì ṣí i rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí ẹni tó bá rí i má sọ. Má jẹ́ kí àwọn ará igbó yìí gbọ́.” Èmi kò ṣèlérí fún un, ẹ rí i pé mo ń sọ ọ́ fún yín.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni a wọ Ìpóró. Ààfin ti kún. Tíṣà dúró láàárín, ẹfun ṣọ́ọ̀kì wà létí aṣọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ní kí bàbá dúró lẹ́yìn ògiri ná, mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀.

Kábíyèsí ní, “Ọdẹ́rìndé, a gbọ́ ibi tí o lọ. Ṣé ó wà ni àbí kò sí?”

Mo ní, “Kí adé pẹ́ lórí. Mo rí koríko tó tẹ̀, n kò rí ẹranko. Mo bá àwọn tó ní ó wà, mo sì bá ẹni tó ní ká lọ wo ọ̀nà mìíràn kí a tó sọ̀rọ̀. Ọdẹ tó bá dárúkọ ẹranko kó tó rí i, ẹ má tẹ̀lé e wọgbó. N kò mọ̀, Kábíyèsí.”

Àwọn tó mọ̀ mí rò pé ara mi kò yá. Olóyè Ògúnlúsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ gbọ́ bí? Ẹ gbọ́ bí? Òun náà kò mọ̀.”

Bàbá rẹ̀ kò lè dúró mọ́. Ó wọlé, irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó ní, “Ọ̀rọ̀ tí ò ń fi rẹ́rìn-ín yẹn ló tú mi sílẹ̀, Adéoyè.”

Olóyè wò ó. Ó wólẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀. “Bàbá mi. Ẹ̀yin rèé?”

Bàbá ní, “Èmi ni. Mo rò pé ọ̀sán kan ni mo lò níbẹ̀. Wọ́n ní ọdún mọ́kànlá ni. Nítorí pé ojú ń tì mí láti sọ pé n kò mọ iye tó kàn.” Ó wo Tíṣà. “Ìwọ ni tíṣà náà? Ọmọ mi, o ṣeun.”

A jẹ́ kí wọ́n sunkún tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà ni Kábíyèsí béèrè pé, “Olóyè, kí ni ká kọ sínú ìwé tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ?”

Olóyè nu ojú. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n fi Tíṣà sílẹ̀ fún wa.” Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kíláàsì kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Ògúnlúsì àgbà jókòó síwájú pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú. Mo fún Tíṣà ní bébà mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi bírò pupa tún ‘ṣánṣán’ kọ, nítorí mo ti gbàgbé àmì rẹ̀, ó sì ní kò sí ohun mìíràn tí òun máa tún ṣe níbẹ̀, nítorí bó ṣe wà gan-an nìyẹn. Ó ní lórí òkè kan ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn ènìyàn ti kọ́ ojú ńlá kan, awò tó ń rí ọ̀nà jíjìn, tí yóò máa wo ojú ọ̀run láti apá kan dé èkejì, tọ̀tún tòsì, láìfo ibì kan. Ó ní bóyá wọn yóò rí i, bóyá wọn kò ní rí i, èyíkéyìí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, a óò mọ̀ ju bí a ṣe mọ̀ lónìí lọ.

Ọdún ti gorí ọdún, a kò tíì gbọ́ èsì. Ẹ má bi mí, nítorí ohun tí n óò sọ ni pé n kò mọ̀, ó sì ti ń rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ ọ́ báyìí. Ibi tí ẹnu mi dé nìyí, ẹ̀yin ará. Bí ó bá wà níbẹ̀, nínú òkùnkùn tó jìn yẹn, ó ti rìn díẹ̀ sí i lójú ọ̀nà rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.